Níbo ni Olè Yóò Ti Fọn Kàkàkí Ọba?

Ọ̀rọ̀ lórí owó ọwọ́, owó àfiránṣẹ́ àti fífọ owó ẹ̀gbin, tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ ní Ìkẹjà

Ìbéèrè tí a fi lé mi lọ́wọ́ ni pé, bí a ti ń fi owó bébà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ owó sí ara wa, ǹjẹ́ iṣẹ́ àwọn tí ń fọ owó ẹ̀gbin yóò dópin bí, tàbí yóò máa gbilẹ̀ sí i?

Àwọn baba wa ti bi wá ní ìbéèrè kan tí kò sí ẹni nínú wa tí kò gbọ́ rí: bí olè bá jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ olè kì í parí ní ọjọ́ tí ó jalè. Ohun tí ó jí kò wúlò fún un títí yóò fi rí ibi tí yóò ti lò ó ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé, níbo ni o ti rí èyí? Ẹni tí ń fọ owó ni ẹni tí ń wá ibi tí a ó ti fọn kàkàkí náà, tí àwọn ará àdúgbò yóò sì rò pé fèrè lásán ni. Owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀, owó ìlú tí a kó jẹ, owó jìbìtì, owó tí ajínigbé gbà kí ó tó tú ènìyàn sílẹ̀, owó egbòogi olóró, gbogbo wọn ni wọ́n ní láti gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá kí wọ́n tó di ilé, ọkọ̀, ilé ìtura, tàbí oyè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí owó ti wúwo tó. Ní ayé owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000 ẹyọ, jẹ́ ẹrù odindi ènìyàn kan. Ẹni tí ó bá jí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ní láti wá alárù mẹ́wàá, alárù mẹ́wàá sì ní ẹnu mẹ́wàá. Owó bébà dé, ẹrù fúyẹ́. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2017, EFCC, àjọ tí Ìjọba Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti gbógun ti ìwà ọ̀daràn nínú ọrọ̀ ajé, wọ ilé kan ní Osborne Towers ní Ìkòyí, wọ́n sì bá owó dọ́là tí ó lé ní mílíọ̀nù 43 níbẹ̀, pẹ̀lú pọ́n-ùn 27,800 àti náírà tí ó lé ní mílíọ̀nù 23. Ẹnìkan ni ó ta àjọ náà lólobó. Bí ẹni náà bá dákẹ́, kò sí ìwé báńkì kankan tí ì bá sọ fún wọn pé owó wà nínú yàrá náà. Ní Oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba. Owó tí ẹ̀rọ ń gbé ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ wúwo rárá. Ó ti Agége dé Dubai kí ẹni tí ń ta mọ́ínmọ́ín tó wá ṣẹ́ńjì fún ọ tán.

Ohun tí olè fẹ́ràn lára owó ọwọ́ ni pé kò ní ìrántí. Náírà 1,000 tí ó wà nínú àpò yín nísinsìnyí, ẹ kò mọ ẹni tí ó ná an ní ìjẹta, owó náà kò sì ní sọ fún yín. Àgbègbè wa yìí gan-an sì ni ilẹ̀ tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń wá. Òwò gidi pọ̀ níbí. Guinness kọ́ ilé ìpọntí rẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kún Ògbà, Agídíngbì àti Orégùn. Ọjà màlúù àti ilé ìpẹran wà ní Oko-Ọba ní Agége. Ọjà fóònù Computer Village sì wà níwájú ilé wa níbí. Níbi tí owó òdodo bá ti ń ṣàn bí omi, kò ṣòro láti da garawa omi ẹ̀gbin kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé búrẹ́dì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí orúkọ búrẹ́dì Agége ti kan jákèjádò. Ọkùnrin kan ní owó ẹ̀gbin nílé, ó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Búrẹ́dì tí ó ń tà ní ọjọ́ kan tó náírà 300,000. Ó kọ 900,000 sínú ìwé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, akọ̀wé rẹ̀ gbé 900,000 lọ sí báńkì, ó ní owó búrẹ́dì ni. Ta ni yóò ka búrẹ́dì tí a ti jẹ? Ó san owó orí lórí rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ìwé ẹ̀rí owó orí náà sì di ẹ̀rí ìwà mímọ́ fún un nígbà tí ó bá fẹ́ ra ilé. Iṣẹ́ parí nìyẹn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi yìí, nítorí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ fífọ owó a máa sọ ọ́ bí ẹni pé Ìjọba nìkan ni a ń pa lára. Ẹ wo obìnrin tí ó ní ilé búrẹ́dì ní òdì kejì títì. Ó yá owó ra ìyẹ̀fun, ó ń ra epo dísù, ó ń san owó ọ̀yà. Ọkùnrin yìí lè ta búrẹ́dì tirẹ̀ ní iye tí kò tó owó ìyẹ̀fun, kí ó má sì pàdánù nǹkankan, nítorí kì í ṣe búrẹ́dì ni ó ń tà. Oṣù mẹ́fà kò ní pé tí obìnrin náà yóò fi ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé afọwó ni ó lé e kúrò lọ́jà. Wọn yóò sọ pé kò mọ òwò í ṣe. Èmi kò sọ pé èyí ni ó pa àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wa o. Nígbà tí Dunlop dẹ́kun ṣíṣe táyà níbí ní ìparí 2008, ìnira iná mànàmáná àti táyà òkèèrè tó wọ́n kéré wà nínú ohun tí ó kó bá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí púpọ̀ nínú ilẹ̀ ilé iṣẹ́ wa dà lẹ́yìn náà: gbọ̀ngàn àríyá, ibi ìtajà ọkọ̀, ilé ìtura. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe òwò òdodo. Síbẹ̀, irú òwò tí owó ọwọ́ rọrùn láti pò mọ́ ni wọ́n, èyí tí a kò lè sọ nípa ilé iṣẹ́ táyà.

Ìjọba kò jókòó láìṣe nǹkan. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀, CBN, bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó ọwọ́ kù, Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ní 2012. Nígbà náà, ẹnìkan tí ó bá gba ju náírà 500,000 lọ ní owó ọwọ́ lọ́jọ́ kan, tàbí tí ó bá kó o wá sí báńkì, ń san owó lé e. Ti ilé iṣẹ́ ni mílíọ̀nù 3. Ilé iṣẹ́ tí ó bá kó owó wá jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san náírà 3 lórí 100 tí ó lé. Ìmọ̀ràn náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ bi alápatà Oko-Ọba bóyá èrè rẹ̀ tilẹ̀ tó 3 nínú 100 ní ọjọ́ tí ọjà kò yá. Ẹni tí owó rẹ̀ mọ́ ni ó kérora, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́ sílé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò mọ́ san án, ó sì rẹ́rìn-ín; owó ọṣẹ ni lójú tirẹ̀. Ọdún púpọ̀ kọjá kí CBN tó kéde ní Oṣù Kejìlá 2025 pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, òun kò ní gba owó lórí owó tí ènìyàn bá kó wá sí báńkì mọ́. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ jù.

Òfin ti 2022 tí ó de fífọ owó tilẹ̀ ṣe tààrà ju èyí lọ. Ó ní ẹnìkan kò gbọdọ̀ san tàbí gba owó ọwọ́ tí ó ju náírà mílíọ̀nù 5 lọ, ilé iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ kọjá mílíọ̀nù 10, àfi kí owó náà gba inú báńkì tàbí irú ilé ìṣúná bẹ́ẹ̀ kọjá. Iye kan náà ni ó wà nínú òfin 2011 tí ó rọ́pò. Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn mọ bí àwọn tí ń ta nǹkan ti tẹ̀lé e tó.

Ìgbà méjì ni ìjọba ti gbìyànjú láti dẹ́rù ba owó tí ó fara pamọ́ nípa pípààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ti Oṣù Kẹrin 1984, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari pààrọ̀ náírà, tí wọ́n sì ti ẹnubodè ilẹ̀ wa pa kí owó òde má baà padà wọlé. Ní Oṣù Kẹfà ọdún náà ni àpótí 53 gba pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà wọlé láìjẹ́ pé àwọn aṣọ́bodè tú wọn wò. Títí di òní ni àríyànjiyàn ń lọ lórí ohun tí ó wà nínú wọn. Èyí tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ ni pé aláròóbọ̀ tí ó gbé àpò kan gba Ìdíròkò wá ní àkókò náà kò lè bá ibẹ̀ kọjá láìtú u.

Ìgbà kejì kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹwàá 2022, CBN kéde pé òun yóò pààrọ̀ àwọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000. Wọ́n ní nínú owó bébà tírílíọ̀nù 3.23 tí ó wà lóde, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú báńkì. Ọjọ́ 31 Oṣù Kìn-ín-ní 2023 ni òpin, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ 10 Oṣù Kejì. Ẹ kò nílò kí n rán yín létí bí a ti tò ní òru níwájú ẹ̀rọ báńkì ní Agége àti ní Ògbà. Owó di ọjà tí a ń fi owó rà: ẹni tí ó fẹ́ gba náírà 10,000 lọ́wọ́ oní-POS ń san 2,000 tàbí 3,000 lé e. Owó àfiránṣẹ́ tí a ní kí a sá lọ bá náà kọ̀, kò lọ kò bọ̀, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ rí i pé ó ti jáde, ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á kò rí i. Àjọ ICPC mú àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tí a fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń gbé owó tuntun pamọ́. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ. Nígbà tí ọdún 2023 parí, owó bébà tí ó wà lóde ti ju iye tí ó wà ní Oṣù Kẹwàá 2022 lọ.

Ṣé ẹni tí ó ní yàrá owó wá tò sórí ìlà pẹ̀lú wa ni? Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ni ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn tí yóò bá a kó o sí àkáǹtì tiwọn ní wẹ́wẹ́. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí, pé orúkọ ẹlòmíràn ni ó ń wá, nítorí ibẹ̀ ni mo ń lọ.

A ti gbọ́ ẹjọ́ owó ọwọ́. Ǹjẹ́ owó àfiránṣẹ́ sàn jù bí? Ó sàn jù ní ọ̀nà kan: ó ní ìrántí. Gbogbo ibi tí ó bá tẹ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti orúkọ. Ramon Abbas, ọmọ Èkó tí ayé mọ̀ sí Hushpuppi, kò kó owó sínú àpótí. Láti báńkì dé báńkì, láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, ni owó jìbìtì tí ó ń bá wọn fọ̀ ń gbà. Ó sì fọn kàkàkí rẹ̀ ní ojúde: ọkọ̀, aṣọ àti bàálù ni ó ń gbé àwòrán wọn síta fún gbogbo ayé. Àwọn agbófinró Amẹ́ríkà to àwòrán wọ̀nyẹn mọ́ ipasẹ̀ owó náà. Ní Oṣù Kẹfà 2020 ni wọ́n mú un ní Dubai; ní 2021 ó gbà pé òun jẹ̀bi; ní Oṣù Kọkànlá 2022 ilé ẹjọ́ ní Los Angeles rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3. Ká ní owó bébà ni gbogbo rẹ̀, bóyá ni a bá rí ipasẹ̀ kankan tọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tètè yọ̀. Báńkì Danske ti ilẹ̀ Denmark ní ẹ̀ka kékeré kan ní Estonia. Ìwádìí tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé láàárín 2007 sí 2015, nǹkan bí bílíọ̀nù 200 yúrò ti ọwọ́ àwọn oníbàárà òkèèrè gba ẹ̀ka náà kọjá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì mú ìfura lọ́wọ́. Kì í ṣe àpò owó ni wọ́n ń gbé wọlé. Gbogbo ẹsẹ̀ owó náà ni ó wà nínú ìwé, ọjọ́ pé, wákàtí pé. Ohun tí kò pé ni orúkọ: ilé iṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́, tí a kò mọ olówó rẹ̀. Ìrántí owó àfiránṣẹ́ kò wúlò ju òtítọ́ orúkọ tí a kọ síbẹ̀ lọ. Bí orúkọ bá jẹ́ ti àyálò, ipasẹ̀ yóò mú ọ dé ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn ni ìwọ yóò sì bá nínú ilé.

Ní ilẹ̀ tiwa, àjọ NIBSS tí ń bójú tó fífi owó ránṣẹ́ láàárín àwọn báńkì sọ pé iye owó tí ẹ̀rọ gbé ní 2023 tó tírílíọ̀nù náírà 600, ó sì kọjá 1,000 tírílíọ̀nù ní 2024. Nínú irú odò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹja tí kò lè fara pamọ́ bí ó bá rí ìpẹ́ ẹlòmíràn wọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa sọ ọ̀rọ̀ lórí ohun tí ìgboro ń pè ní aza. Ẹni tí ó fẹ́ gba owó jìbìtì kì í fi àkáǹtì tirẹ̀ gbà á. Yóò wá ọmọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ ní ilé iṣẹ́, tàbí ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, yóò ní, "Àbúrò mi, owó kan fẹ́ wọlé, àkáǹtì tèmi ti kún, gbà á fún mi, mú ìdá kan nínú mẹ́wàá." Nígbà mìíràn, káàdì àti nọ́mbà fóònù ni yóò rà pátápátá, kí ó máa lò wọ́n bí ẹni pé òun ni oní-nǹkan. Láti 2014 ni a ti ní BVN, nọ́mbà kan ṣoṣo tí ó so gbogbo àkáǹtì ènìyàn pọ̀ mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọmọ aláìlówó ni ó wà lórí owó ọlọ́ṣà. Bí ọlọ́pàá bá tọ ipasẹ̀ wá, ilé bàbá ọmọ náà ní Agége ni ipasẹ̀ yóò parí sí.

Yorùbá ní ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Òfin 2022 sì gba ọ̀nà kan náà. Kò béèrè bóyá ìwọ ni o jalè. Ẹni tí ó bá gba owó, tí ó pa á mọ́, tàbí tí ó gbé e kọjá, tí ó mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí ó mọ̀, pé owó ìwà ọ̀daràn ni, ti jẹ̀bi. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: tí ó yẹ kí ó mọ̀. "Èmi kò béèrè" kì í ṣe àwáwí tí yóò gbà ọ́. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún 4, ó lè tó 14, tàbí kí ilé ẹjọ́ ní kí ó san ìlọ́po márùn-ún owó náà, tàbí méjèèjì. Ẹni tí ó gba náírà 100,000 nítorí pé mílíọ̀nù kan gba àkáǹtì rẹ̀ kọjá lè di ẹni tí a ní kí ó san mílíọ̀nù 5.

Ìyà rẹ̀ kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yáni ní orúkọ. Ní Oṣù Kẹrin 2024, EFCC gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti ti àkáǹtì 1,146 pa lórí ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó òkèèrè. Nígbà tí a bá ti irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ pa, ó lè kan ẹni tí ó ta fóònù fún olówó rẹ̀ ní Computer Village, tí kò mọ nǹkankan, tí owó ọjà rẹ̀ sì há síbẹ̀. Ó di dandan kí ìjọba máa tètè yanjú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Òwò kékeré kò lè dúró de ilé ẹjọ́ fún oṣù mẹ́ta. Owó tí yóò fi ra ọjà míràn ni a tì mọ́ inú báńkì.

Àwọn oní-POS wa wà ní oríta méjèèjì. Àwọn ni wọ́n ń sọ owó àfiránṣẹ́ di owó ọwọ́, níbẹ̀ ni ìrántí owó sì ti ń parí. Ní Oṣù Kejìlá 2024, CBN pàṣẹ pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ gbà ju náírà 100,000 lọ́jọ́ kan lọ́dọ̀ wọn. Ọmọbìnrin tí ó jókòó lábẹ́ agboòrùn ní Pẹn Sinímá mọ̀ dáadáa ẹni tí ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ pẹ̀lú káàdì mẹ́rin. Ta ni yóò sọ fún? Ta ni yóò dáàbò bò ó bí ó bá sọ? Àwọn tí ń ṣòfin ní Àbújá kò tíì dá a lóhùn, n kò sì lè bá a wí pé ó dákẹ́.

Ní Oṣù Kejì 2023, àjọ àgbáyé FATF tí ń ṣọ́ fífọ owó kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé àwọn ilẹ̀ tí a gbọdọ̀ máa fojú sọ́nà fún. Ìnira rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra ẹ̀rọ láti òkèèrè, nítorí àwọn báńkì òyìnbó a máa bi ará ilẹ̀ tí ó wà nínú ìwé yẹn ní ìbéèrè púpọ̀ kí wọ́n tó gba owó rẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n yọ wá kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtura, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilẹ̀ àti ilé, òfin ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ka EFCC tí a ń pè ní SCUML, kí ẹ sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tí ó san owó fún yín. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò tíì ṣe é. Ẹ rántí bí àwọn alájọ wa ti ń ṣe é: káàdì kan fún ẹnìkan, àmì kan fún ọjọ́ kan, kò sì sí alájọ tí kò mọ ilé àti iṣẹ́ ẹni tí ń dájọ. Akọ̀wé Ẹgbẹ́ yóò gba orúkọ àwọn tí ó fẹ́ kí a jọ lọ ṣe ìforúkọsílẹ̀ náà. Bí òbí kan bá sì wà níbí tí ọmọ rẹ̀ ti yá ẹnìkan ní àkáǹtì, kí ó rí mi lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Ìbéèrè ti tó àkókò.